Dúróṣánṣán Kì í Dọ̀bálẹ̀

"Ẹ kàárọ̀ o, Ìyá."

Orí ìdúró ni Abíọ́nà wà tó fi kí i, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan, níwájú ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé nígbà kan rí, kì í kàn án kó tó wọlé. Obìnrin tó ṣí ilẹ̀kùn náà wo bàtà rẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tó ṣìlé yà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Dúró. Abíọ́nà ni."

"Irọ́ lò ń pa. Abíọ́nà tí mo mọ̀, mo máa ń gbọ́ àyà rẹ̀ nílẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbìì! báyìí. Màá ti máa bu oúnjẹ kí n tó yíjú wò ó. Ìwọ tó o nàró lẹ́nu ọ̀nà mi yìí, níbo la ti mọra?"

Ojú ti Abíọ́nà. Ó tẹ orí ba, ó tẹ èjìká ba, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ ni nǹkan kùn ní ìbàdí rẹ̀.

"Ọlọ́pàá, gbé ara sókè," ni ohùn kan wí. Ohùn ọ̀hún kì í lọ sókè, kì í sì í wálẹ̀. Àfi bí ẹni tó kọ́ Yorùbá nínú agolo. "Ọlọ́pàá, ṣé o ti ṣubú?"

"N kò ṣubú," ni Abíọ́nà fèsì wéré, ó sì nàró. Bí kò bá tètè dáhùn, ìbọn tó wà ní ìbàdí rẹ̀ á jí.

Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ìyá Dúró rẹ́rìn-ín. "O gbọ́ ohun tí ẹni tó ni ẹ́ wí? Ó ní kó o gbé ara sókè. Gbé e sókè, má bá a jiyàn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dúrósinmí ni mo bí, Abíọ́nà. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró, ni mo bá sọ ọ́ ní Dúrósinmí, mo fi orúkọ bẹ̀ ẹ́. Ó pé ọdún kan lónìí tí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ sin ín, tí èmi tí mo bí i kò sì gbọdọ̀ mọ ojú oórì rẹ̀. Dúrósinmí ni mo bí. Dúróṣánṣán ni ìjọba fi rọ́pò rẹ̀ fún mi." Ó fi ẹnu júwe ohun tó wà ní ìbàdí Abíọ́nà. "Ọkọ̀ orí wáyà òwúrọ̀ yìí ni mo ń wọ̀. Mò ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Etí-Omi. Arúgbó tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbí kì í gùnkè mọ́, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo retí títí kí ẹnì kan nínú yín wá dọ̀bálẹ̀ kí mi kú ọ̀fọ̀ ọmọ mi. Gbogbo yín lẹ wá. Gbogbo yín náà lẹ sì dúró."

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò pa á dé gbàgà. Jẹ́jẹ́ ló tì í, ìyẹn ló sì dun Abíọ́nà jù.

Sájẹ́ńtì Mosúnmọ́lá, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, ń dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìkùukùu ṣì bo gbogbo òkè, àwọn àwọ̀n ńlá tí wọ́n ta sáàárín àpáta sì ń sun omi sínú àgbá, tó, tó, tó. Omi yìí nìkan ni ìlú Òkè-Ìkùukùu ń mu. Látìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ àwọn bàbá wọn, tí iyọ̀ sì ti wọ gbogbo kànga ìsàlẹ̀, ẹni tó bá gé àwọ̀n lórí òkè ti gé gbogbo ìlú lọ́fun. Ìdí nìyí tí ọlọ́pàá fi ń yí òkè ká láràárọ̀.

"Kò gbà?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Kò gbà, ọ̀gá."

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ. Orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni kó o ti máa kí i. Bí mo ṣe ń kí bàbá mi nìyẹn. Wọ́n ní bí mo bá tún kí àwọn lórí ìdúró, kí n má fẹsẹ̀ tẹ ilé àwọn mọ́. Mo ní ó dáa. Kí ló kù?" Ó yíjú síwájú kíá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn. Ó dùn ún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ilé tí wọ́n bá ti fẹ́ kọjá, fèrèsé rẹ̀ á pa dé. Láyé àtijọ́, wọn ì bá tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà nítorí ìkíni: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu òkè, ẹ yà wá fi nǹkan panu. Kì í ṣe pé àwọn ọlọ́pàá kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà náà o. Wọ́n ní fèrè, wọ́n sì ní ẹnu.

Dúrósinmí ló ní ẹnu jù nínú wọn. Bó bá bá olè nídìí àwọ̀n, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni, "Ẹ kú àfẹ̀mọ́júmọ́ o!" Abíọ́nà á ní, "Àbí orí ẹ ti dàrú? Olè lò ń kí!" Dúrósinmí á ní, "Ẹni tí a bá kí, dandan ni kó dáhùn. Bí ẹnu bá ti dáhùn, ọwọ́ á rọ̀." Òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ olè ló ti ju àdá sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá èsì. Òmíràn á tiẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé kó tó fẹsẹ̀ fẹ.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Abíọ́nà ń bọ̀ lẹ́yìn, àpáta kan wà láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí Dúrósinmí kí àwọn olè kan. Ó gbọ́ tí wọ́n dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, ṣé ẹ jí dáadáa?" Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ ìró àdá. Wọ́n dáhùn o! Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ títí dòní nìyẹn. Kó tó yí àpáta náà ká, wọ́n ti wọ inú ìkùukùu lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí wọn mú.

Ìyá Dúró fúnra rẹ̀ ló kó àwọn obìnrin ìlú lọ sí gbàgede ìgbìmọ̀. "Ẹ fún àwọn ọmọ wa ní nǹkan mú dání!" ni orin tí wọ́n ń kọ. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n ra ìbọn láti òkè òkun. Kò sí ẹni tó lè jí i, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá: ọwọ́ ẹni tó ń gbé e nìkan ló mọ̀, ọlọ́pàá kò sì gbọdọ̀ jáde ní bárékè láìgbé e. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe èèyàn burúkú. Bíbọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kíra wọn níbi tí wọ́n ti wá. Lójú tiwọn, ọlọ́pàá tí àyà rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ń kú lọ nìyẹn, ìbọn sì gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀: á bi í bóyá ó ti ṣubú, bí kò bá dáhùn tàbí tó bá dé ilẹ̀, á yìn fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọlọ́pàá jù ló sì máa bá. Wọn ò mọ̀ pé níbòmíràn, ilẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ tí a bí ire ti ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́pàá kan ní àdúgbò Ọ̀tun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ìlú mọ̀. Ó lọ tọrọ ìyàwó, ó na gbalaja níwájú àna rẹ̀. Àna ọ̀hún ṣì ń tiro, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti wà nílé ọkọ mìíràn. Òfin jáde lẹ́yìn ìyẹn pé ẹni tó bá gbé ìbọn kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀. Bàtà tí kò lókùn ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà bẹ̀rẹ̀ dì í. Àwọn ará ìlú ló sọ ìbọn náà ní Dúróṣánṣán. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe lákọ̀ọ́kọ́.

"Ọ̀gá," ni Abíọ́nà wí, "kò sẹ́ni tó ń kí wa mọ́."

"Ta ni wọ́n ti pa nínú wa látìgbà tá a ti ń gbé e? Dá mi lóhùn."

"Kò sí."

"Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Mo lọ́mọ nílé, Abíọ́nà. Bí mo bá gun òkè yìí láàárọ̀, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n wà láàyè kí wọ́n má kí mi, ju kí wọ́n máa kí mi kí n má lè jẹ́ lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ kúkú ni ìwà."

"Àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ara ṣe ń yún mi."

Mosúnmọ́lá wò ó, kò rín in fín. Ó jọ pé òun náà mọ irú yíyún bẹ́ẹ̀.

Àárò ilẹ̀ ló ń sọ Abíọ́nà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe èèyàn. Ó ń sọ ọ́ bí oúnjẹ ṣe ń wu ẹni tí ààwẹ̀ ń gbẹ lẹ́nu. Ilẹ̀ ilé Ìyá Dúró tútù, ó ń ta sánsán ọṣẹ, òórùn ata yíyan á sì máa gba orí rẹ̀ kọjá. Òun àti Dúrósinmí á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pọ̀, Dúrósinmí á máa fi ìgúnpá gún un níhà kó lè bú sẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Ìyá náà á gbá wọn lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Dúrósinmí ló máa ń kọ́kọ́ dìde, torí oúnjẹ. Odidi ọdún kan rèé tí ẹnikẹ́ni kò ní kí Abíọ́nà dìde. Ẹni tí kò wólẹ̀, ta ni yóò ní kó dìde?

Sájẹ́ńtì na ọwọ́ sẹ́yìn lójijì pé kó dúró. Ẹnì kan wà nídìí àwọ̀n níwájú wọn. Ìkùukùu kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnu Abíọ́nà ti yà láti kí i. Dúróṣánṣán yára jù ú lọ. Ó já jáde nínú àpò rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, iná pupa orí rẹ̀ sì bà lé àyà ẹni náà. Àdá bọ́ sílẹ̀. Ìkùukùu ṣí díẹ̀, wọ́n sì rí i pé bàbá arúgbó kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, bàbá náà ti na gbalaja sórí àpáta tútù.

"Ẹ má pa mí, ẹ̀yin bàbá mi! Wọ́n ti ẹ̀rọ omi wa pa ni, ìyàwó mi kò rí omi mu. Ẹ ṣàánú mi, ẹ̀yin bàbá mi."

Ẹ̀yin bàbá mi! Ẹni tó lè bí bàbá Abíọ́nà! Èèwọ̀ ni. Bí àgbà bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé a sáré wólẹ̀ ṣáájú kí àgbà má baà kan ilẹ̀. Èèyàn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Orúnkún Abíọ́nà yẹ̀.

"Ọlọ́pàá, gbé ara sókè. Ọlọ́pàá, ṣé o ti ṣubú?"

Bí àyà rẹ̀ bá kan ilẹ̀, bàbá yìí ni ìbọn máa bá. "N kò ṣubú!" ni Abíọ́nà kígbe. Ó fi tipátipá nàró lé arúgbó náà lórí, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ dìde, Bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ dákun, ẹ dìde."

Bàbá náà wo ẹnu ìbọn, kò dìde.

Sájẹ́ńtì Mosúnmọ́lá ló mú un lápá gbé e sókè níkẹyìn, pẹ̀lú ẹ̀yìn títọ́, bí ẹni tó ń fi ìwọ̀ gbé garawa nínú kànga. Ó fẹsẹ̀ ti àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì, ó ní kó máa lọ. Bàbá náà fi ẹ̀yìn rìn lọ, ó ń tẹríba fún wọn títí ìkùukùu fi gbà á.

"Ṣó o rí i?" ni Sájẹ́ńtì wí. "Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Bó bá jẹ́ àwọn tó pa Dúró ni ńkọ́?"

"Ẹ ò parọ́, ọ̀gá. Ó ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Ẹni tó ju bàbá mi lọ pè mí ní bàbá rẹ̀, mo sì dúró, mò ń wò ó."

Fèrè ọkọ̀ orí wáyà dún láti ìsàlẹ̀. Abíọ́nà gbọ́ ọ, ó sì yí padà.

"Abíọ́nà! Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ kí ìyá mi."

Sájẹ́ńtì mọ ohun tó ń sọ. "Ẹni tó bá bọ́ ọ níta bárékè, ìbọn kò ní mọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n á gba aṣọ lára ẹ. Àwọn tó pa ọ̀rẹ́ rẹ ṣì wà lórí òkè yìí. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Kò dá a dúró. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo àwọ̀n bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí àwọ̀n. "Bá mi kí wọn," ni ó wí. "Sọ pé... sọ pé mo kúnlẹ̀."

Nígbà tí Abíọ́nà dé ibùdókọ̀, orí àpótí rẹ̀ ni Ìyá Dúró jókòó sí, awakọ̀ ń kó ẹrù àwọn èrò sínú ọkọ̀. Àwọn èrò rí ọlọ́pàá tó ń sáré bọ̀, wọ́n sún sẹ́yìn. Ìyá náà kò sún.

"O tún dé? O tún fẹ́ wá dúró fún mi?"

"Rárá, Ìyá."

Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú ìdè tó wà ní ìbàdí rẹ̀.

"Ọlọ́pàá," ni Dúróṣánṣán wí, "bí o bá bọ́ mi, n kò ní mọ̀ ẹ́ mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìdè já. Ìyá Dúró fò dìde lórí àpótí. Gbogbo ìbínú òwúrọ̀ bọ́ kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀rù ló kù síbẹ̀. "Kí lò ń ṣe yẹn? Gbé e wọ̀ padà! Abíọ́nà, mo ní gbé e wọ̀! Wọn ò tíì rí àwọn ìkà yẹn mú. Ṣé kí wọ́n tún wá sọ fún mi pé ìwọ náà ni? Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún yín ní nǹkan mú dání!"

"Ẹ ṣé, Ìyá. Òun ló wá mú wa dání."

Ó gbé ìbọn náà sórí àpáta. Bí wọ́n bá ti bọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ a tì, kì í lè yìn mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni kì í tì. Abíọ́nà rìn kúrò níbẹ̀, ó dé iwájú obìnrin náà, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Gbìì!

Àpáta tútù kàn án láyà, ní ìkùn, ní iwájú orí. Ọlọ́run mi, ilẹ̀ dùn. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ Dúró o, Ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣe ìgbẹ̀yìn òfò. Mo pẹ́, ẹ má bínú. Mo gbọ́ tó kí wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n dáhùn."

Kò tíì sọ ìyẹn fún un rí. Lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ.

Lẹ́yìn wọn, Dúróṣánṣán bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí àgọ́ ọlọ́pàá. "Ọlọ́pàá ṣubú. Ọlọ́pàá ṣubú. Ọlọ́pàá ṣubú."

"Panu ẹ mọ́ níbẹ̀ yẹn!" ni Ìyá Dúró jágbe mọ́ ọn. "Ta ló ṣubú? Ọmọ ló ń kí ìyá rẹ̀!"

Abíọ́nà kò rí ojú rẹ̀, etí ìró rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ nìkan ló rí, ó sì rí i pé bàtà náà yí sápá ọ̀tún òun. Ìgbà náà ló tó mọ ohun tí obìnrin náà ń wò. Nígbà tó ń wólẹ̀, ó ti fà sápá òsì láìmọ̀, bó ṣe máa ń fà sí i nígbà gbogbo, ó sì fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀.

"Ìyá, a ti ń lọ o!" ni awakọ̀ pariwo.

Ìyá Dúró gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó ní sùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eegun rẹ̀ ń dún. Ó gbá Abíọ́nà lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ kọjá, ó gbá àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́ bákan náà.

"Ẹ dìde," ni ó wí. "Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́."

Abíọ́nà kò tètè dìde. Ṣebí Dúró ló máa ń kọ́kọ́ dìde.